Eegun Tí Ó Ṣẹ́ Láìṣubú

Ní oṣù keje ọdún 2016, ìròyìn kan jáde láti ìlú Johannesburg, ó sì tàn ká gbogbo ayé. Àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Witwatersrand, tí ó wà ní ìlú náà, kéde pé àwọn rí àmì àrùn jẹjẹrẹ nínú eegun kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín 1,600,000 ọdún àti 1,800,000 ọdún. Eegun kékeré ni. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn eegun márùn-ún tí ó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀, èyí tí ó so mọ́ ọmọńdinrín ẹsẹ̀ òsì. Inú ihò àpáta tí à ń pè ní Swartkrans ni wọ́n ti wú u jáde, ní nǹkan bí 40 kìlómítà sí àríwá ìwọ̀-oòrùn Johannesburg, ní àdúgbò tí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé ní ọdún 1999. Láti ọdún 1948, nígbà tí Robert Broom àti John Robinson kọ́kọ́ gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, ni eegun àwọn ẹ̀dá àtijọ́ ti ń jáde níbẹ̀.

Edward Odes, tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì náà nígbà náà, àti Patrick Randolph-Quinney ni wọ́n síwájú iṣẹ́ yìí, àwọn mìíràn sì bá wọn ṣe é. Wọn kò la eegun náà. Ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú nǹkan ní ìpele tín-ínrín tín-ínrín ni wọ́n fi wò ó. Ibi tí ó yẹ kí ó jẹ́ ihò fún mùdùnmúdùn, eegun mìíràn ti hù sínú rẹ̀ ní wúruwùru, kò ní ètò, kò ní ìlà. Ara ìta rẹ̀ pẹ̀lú sì ti yọ kókó. Wọ́n gbé àwòrán yìí sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán eegun àwọn aláìsàn ìgbà tiwa, àwọn méjèèjì sì bára mu. Àrùn náà ni àwọn oníṣègùn ń pè ní osteosarcoma, èyíinì ni jẹjẹrẹ tí ó ti inú eegun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí ó yàtọ̀ sí èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọmú tàbí ibòmíràn kí ó tó rìn dé inú eegun.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ bóyá akọ ni ẹ̀dá tí ó ni ẹsẹ̀ náà tàbí abo, bóyá àrùn yìí ni ó sì pa á. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé náà sọ kò ju pé ó ṣeé ṣe kí ìrora dí i lọ́wọ́ àti rìn tàbí sáré. Ní àkókò kan náà ni wọ́n ròyìn kókó mìíràn, èyí tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, nínú eegun ẹ̀yìn ọmọ kan tí à ń pè ní Karabo, tí wọ́n rí ní Malapa nítòsí ibẹ̀ ní ọdún 2008. Eegun ọmọ náà ti tó 1,980,000 ọdún. Ṣáájú ìròyìn méjèèjì yìí, kókó tí ó pẹ́ jù lọ tí a mọ̀ nínú ìran ènìyàn ni èyí tí wọ́n rí nínú eegun ìhà kan ní Krapina ní ilẹ̀ Croatia, èyí kò sì ju nǹkan bí 120,000 ọdún lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn, ní ilẹ̀ Yorùbá àti ní ibi gbogbo, ni ó gbà pé àrùn ayé òde òní ni jẹjẹrẹ, pé oúnjẹ inú agolo àti èéfín mọ́tò ni ó kó o dé. Àwọn mìíràn a sì sọ pé ọwọ́ ayé ni. Òtítọ́ ni pé sìgá àti àwọn nǹkan mìíràn tí ènìyàn ń ṣe ti mú kí oríṣi jẹjẹrẹ kan pọ̀ sí i. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi eegun Swartkrans ṣe àwíjàre fún sìgá mímu. Ṣùgbọ́n ní ti jẹjẹrẹ eegun yìí, ẹ̀dá tí kò mọ agolo, tí kò mọ sìgá, tí kò sì ní ìyàwó orogún, ni ó ti í ṣe. Nígbà tí ìyá ọmọ kan bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọmọ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, tí ó ń wádìí ara rẹ̀ wò pé kí ni òun ṣe tí kò dára, ó yẹ kí ẹnìkan sọ èyí fún un. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ọmọ tí ó ń ṣe, a kì í rí ohunkóhun tọ́ka sí. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni a mọ orísun rẹ̀: àwọn ìdílé kan tí àbùkù kan ń bá ẹ̀jẹ̀ wọn rìn, àwọn tí a ti fi ìtànṣán wo àrùn mìíràn sàn fún tẹ́lẹ̀, àti irú àwọn ọmọbìnrin Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ọ̀dà radium kun ojú aago ní nǹkan bí ọdún 1920, tí wọ́n ń fi ẹnu ṣú orí búrọ́ọ̀ṣì wọn kí ó lè mú, tí eegun wọn sì bàjẹ́ lẹ́yìn náà.

Àrùn tí kò wọ́pọ̀ ni. Nínú mílíọ̀nù kan ènìyàn, àwọn tí ó ń mú lọ́dún kò ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Àìwọ́pọ̀ yìí gan-an ni ó sì jẹ́ ìyọnu rẹ̀, nítorí pé nọ́ọ̀sì tàbí dókítà inú ilé ìwòsàn kékeré lè ṣe iṣẹ́ títí tí yóò fi fẹ̀yìn tì kí ó má rí ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Àwọn tí ó fẹ́ràn láti mú ni àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balágà, ní àkókò tí eegun ń gùn kíákíá. Ibi tí ó sì fẹ́ràn jù lọ ni ìtòsí orúnkún, ní ìsàlẹ̀ eegun itan tàbí ní òkè eegun ojúgun. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbá bọ́ọ̀lù, tí ó ń fò, tí ó ń ṣubú lójoojúmọ́. Ta ni yóò gbọ́ pé orúnkún ń dùn ún tí kì yóò sọ pé bọ́ọ̀lù ni?

Bí ó ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìrora a dé, a sì tún lọ. Wọ́n á fi oògùn ìpara pa á, wọ́n á fún ọmọ ní oògùn ara ríro, wọ́n á ní kí ó dúró díẹ̀ ná kí ó tó padà sórí pápá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bí mélòó kan, ìrora náà kì í lọ mọ́, a sì máa jí ọmọ lójú oorun. Ibẹ̀ ni ó ti yàtọ̀ sí ìfarapa lásán, nítorí pé ẹsẹ̀ tí ó fara pa a máa sinmi nígbà tí ẹni tí ó ni ín bá sinmi. Lẹ́yìn náà ni wíwú. Lẹ́yìn wíwú, ó lè ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kan pé kí ọmọ náà dìde lórí àga tàbí kí ó sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀, kí eegun itan rẹ̀ sì ṣẹ́. Kò ṣubú. Ẹnikẹ́ni kò tì í.

Ó yẹ kí a lóye ìdí rẹ̀. Eegun kì í ṣe òkú nǹkan bí igi àjà. Nínú rẹ̀ ni àwọn akọ́lé kan wà tí ń mọ ọ́n, tí àwọn mìíràn sì ń wó èyí tí ó ti gbó, lójoojúmọ́, láti ìgbà èwe títí di ọjọ́ ogbó. Nínú jẹjẹrẹ yìí, àwọn akọ́lé ni wọ́n ya wèrè. Wọn kò dẹ́kun ilé kíkọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń kó amọ̀ lé amọ̀ láìta okùn, láìdúró kí ó gbẹ, wọ́n sì ń wó ògiri rere tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí àyè lè gbà wọ́n. Ohun tí a ń rí ní òde ni pé ẹsẹ̀ náà ń tóbi. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ni pé kò lè gbé ẹrù mọ́.

Bí ó bá wá ṣẹ́, ọ̀ràn ti di méjì. Ẹ̀jẹ̀ tí ó tú jáde níbi tí eegun ti ṣẹ́ lè gbé irúgbìn àrùn náà wọ inú ẹran ara tí ó yí i ká. Oníṣẹ́ abẹ tí ó ti ń pèrò láti yọ ìwọ̀n eegun díẹ̀, kí ó sì dá ẹsẹ̀ sí, lè rí i pé ibi tí ó yẹ kí òun gé ti gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àtijọ́, gígé ẹsẹ̀ ni ìdájọ́ gbogbo irú eegun bẹ́ẹ̀. Lóde òní, bí wọ́n bá tètè dì í mú kí ó má mì, tí wọ́n sì kọ́kọ́ fi oògùn líle kọlu àrùn náà, a ń rí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò lọ. Ṣùgbọ́n dókítà kan kò lè ṣe ìlérí rẹ̀. Èyí tí ó tún burú ju eegun ṣíṣẹ́ lọ ni pé àrùn náà a máa gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, níbi tí kò ti ní dun ẹnikẹ́ni títí yóò fi pọ̀.

Ní Johannesburg, àwọn ilé ìwòsàn ńlá tí ó ń gba irú aláìsàn yìí wà. Chris Hani Baragwanath ní Soweto, tí wọ́n kọ́ fún àwọn ọmọ ogun ní ọdún 1942, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó tóbi jù lọ ní Áfíríkà. Charlotte Maxeke wà láàárín ìlú. Èyí ni iná jó ní oṣù kẹrin ọdún 2021, tí wọ́n fi ní láti kó gbogbo aláìsàn rẹ̀ káàkiri. Àwọn méjèèjì ni Yunifásítì Witwatersrand fi ń kọ́ àwọn dókítà rẹ̀. Ìmọ̀ kò wọ́n níbẹ̀. Yunifásítì tí ó dá jẹjẹrẹ mọ̀ nínú eegun òkúta kò lè ṣàìdá a mọ̀ nínú ẹsẹ̀ ọmọ alààyè. Ohun tí àwọn dókítà ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà ti kọ̀wé lé lórí léraléra ni pé àwọn aláìsàn kì í tètè dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá fi dé, wíwú náà ti tóbi, eegun ti ṣẹ́, tàbí kí àrùn náà ti dé ẹ̀dọ̀fóró.

Nítorí ìpẹ́dé yìí ni ẹgbẹ́ kan tí à ń pè ní CHOC, tí àwọn òbí tí ọmọ wọn ní jẹjẹrẹ dá sílẹ̀ ní ọdún 1979, fi ń káàkiri láti kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn ará ìlú ní àwọn àmì tí ó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ lára ọmọdé. Ọ̀kan nínú àwọn àmì wọ̀nyí ni eegun, oríkèé tàbí ẹ̀yìn tí ń dun ọmọ láìdẹ́kun, àti eegun tí ń ṣẹ́ pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Kò sí ohun tí ó ṣòro nínú rẹ̀. Àwòrán X-ray kan ṣoṣo, tí kì í ṣe ohun ọ̀wọ́n, ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí àrùn yìí. Bí àwòrán bá ti mú ìfura wá, ohun tí ó tọ́ ni kí wọ́n fi ọmọ ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá láìfi ọwọ́ kàn án, nítorí pé gígé ẹran díẹ̀ wò pàápàá ní ọ̀nà tirẹ̀. Bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n bá là á ní ibi tí kò yẹ, ó lè bá ọ̀nà tí a ì bá fi dá ẹsẹ̀ sí jẹ́.

Ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn kékeré ni gbogbo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀ràn ẹnu ọ̀nà yìí sì ti di ohun ìjà ní Johannesburg. Ní ọdún 2025, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan tí à ń pè ní Operation Dudula dúró sí ẹnu ọ̀nà àwọn ilé ìwòsàn ìjọba, wọ́n ń béèrè ìwé ìdánimọ̀, wọ́n sì ń dá àwọn tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà padà. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ gíga ní Johannesburg dájọ́ pé wọn kò ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Abala 27 nínú òfin ilẹ̀ náà sì ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé gbogbo ènìyàn ni ó ní ẹ̀tọ́ láti rí ìtọ́jú gbà. Kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ ilẹ̀ náà nìkan. Àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ ní Hillbrow àti Yeoville. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí wọ́n bá dá padà ní ẹnu ọ̀nà nítorí ìwé, tí ìyá rẹ̀ sì tún fi oògùn ìpara pa ẹsẹ̀ rẹ̀ fún oṣù méjì sí i, ni yóò san gbèsè ìdáni-padà náà, kì í ṣe àwọn tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn nìkan ni ìdádúró ti ń wá. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀dọ̀ teguntegun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ tí ó bá wú tàbí tí ó bá ṣẹ́ lọ, kí wọ́n tó ronú kan Igbóbì ní Èkó tàbí ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ìbàdàn. Ní Gúúsù Áfíríkà pẹ̀lú, oníṣègùn ìbílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń kọ́kọ́ lọ rí. Ìwà àìmoore ni yóò jẹ́ láti sọ pé àwọn teguntegun kò mọ nǹkan kan. Eegun ọmọ ọlọ́kadà tí wọ́n ti tò tí ó sì ti jinná kò lóǹkà. Eegun tí ó ṣẹ́ nítorí pé nǹkan gbá a ni èyí. Eegun tí ó ṣẹ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe irú rẹ̀. Bí a bá ń fa ibi tí àrùn yìí wà, tí a ń fi omi gbígbóná àti òrí wọ́ ọ, tí a sì fi ọ̀pá dì í fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò sí nǹkan tí yóò jinná, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà yóò sì ti lọ. Àgbà teguntegun tí ó mọṣẹ́ a máa béèrè bí eegun ṣe ṣẹ́. Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé ọmọ náà kàn dìde ni, ó yẹ kí iṣẹ́ rẹ̀ parí síbẹ̀.

Ìdí tí àkókò fi níye lórí ni pé àrùn yìí kì í tún ṣe ìdájọ́ ikú bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Títí di bí ọdún 1970, gígé ẹsẹ̀ nìkan ni ìtọ́jú rẹ̀, síbẹ̀ kò tó ọ̀kan nínú márùn-ún tí ń yè, nítorí pé irúgbìn àrùn náà ti wà ní ẹ̀dọ̀fóró kí abẹ tó dé ẹsẹ̀. Ní ọdún 1973, wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún Edward Kennedy kékeré, ọmọ gbajúmọ̀ sẹ́nétọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Wọ́n fún un ní oògùn tí à ń pè ní methotrexate fún ọdún méjì, ó yè, ó dàgbà, ó sì wọ ìṣèlú gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀. Terry Fox ti ilẹ̀ Kánádà kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n gé ẹsẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 1977 nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ní ọdún 1980, ó fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá sáré fún ọjọ́ 143, ó rin 5,373 kìlómítà láti kó owó jọ fún ìwádìí àrùn náà, kí ó tó di pé ó ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó kú ní oṣù kẹfà ọdún 1981, kò ì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Lónìí, níbi tí oògùn àti iṣẹ́ abẹ bá ti wà, tí àrùn náà kò sì tíì kúrò ní ojú ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí mẹ́fà tàbí méje nínú mẹ́wàá ni ó ń yè.

Ẹni tí ó yè kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ìyọnu eegun, èyí ni ohun tí a kì í sábà sọ fún àwọn òbí. Bí wọ́n bá yọ apá kan nínú eegun itan tí wọ́n sì fi irin rọ́pò rẹ̀, ibi tí eegun ti ń gùn ti lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹsẹ̀ kejì yóò máa dàgbà, èyí yóò sì dúró sójú kan. Irin tí a lè fà gùn bí ọmọ ti ń dàgbà wà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò kéré. Irin náà lè tú, ó lè ṣẹ́, kòkòrò àrùn sì lè wọ̀ ọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí gbogbo ènìyàn ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Lára ọmọ tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀, eegun tí ó kù nínú kùkùté náà lè máa hù kọjá ẹran ara tí ó bò ó, tí wọ́n á fi tún ní láti gé e. Iṣẹ́ abẹ kan wà tí ó jẹ́ ìyanu lójú: wọ́n á yọ orúnkún àti ìsàlẹ̀ itan tí ó ní àrùn, wọ́n á gbé ojúgun sókè, wọ́n á sì yí i po kí gìgísẹ̀ lè kọjú síwájú. Ọrùn ẹsẹ̀ á wá di orúnkún titun fún ọmọ náà, wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá wọ̀ ọ́. Àwọn òbí a máa sunkún nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí i, wọn kò sì jẹ̀bi. Ọmọ tí ó bá ní irú rẹ̀ lè sáré, ó lè gun kẹ̀kẹ́, kò sì sí orúnkún irin nínú ara rẹ̀ tí yóò tú.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, wọ́n á ní kí ọmọ máa padà wá fún àyẹ̀wò fún ọ̀pọ̀ ọdún: àwòrán àyà láti wo ẹ̀dọ̀fóró, àwòrán ẹsẹ̀ láti wo eegun àti irin. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó lè jẹ́ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ìdílé tí ó ń gbé Soweto lè wọ táásì dé Baragwanath. Èyí tí ó wá láti abúlé ní ìgbèríko mìíràn yóò wá owó ọkọ̀, yóò wá ibi tí yóò sùn, ẹni tí ó mú ọmọ wá yóò sì pàdánù owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Nítorí irú wọn ni ẹgbẹ́ CHOC fi kọ́ àwọn ilé kan sí ìtòsí àwọn ilé ìwòsàn, tí òbí àti ọmọ lè máa wọ̀ sí nígbà ìtọ́jú. Ó ṣeni láàánú pé àwọn òbí ni ó kọ́kọ́ ronú rẹ̀ kí ìjọba tó ronú rẹ̀.